Bí Ìdílé Kan ní Ìbàdàn Ṣe Fi Ọkọ̀ Wágìn Àlòkù Rọ́pò Ọkọ̀ Tí Kò Fún Wọn Nísinmi

Ìdílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn, ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kàn. Òun, ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbejì wọn tí wọ́n ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí orúnkún kò jẹ́ kí ó rìn jìnnà mọ́ ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà. Iṣẹ́ alásè ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, ìkòkò ńlá, kúlà oúnjẹ, ààrò onírin àti sílíńdà gáàsì ni ó máa ń kó lọ sí ibi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, nígbà mìíràn títí dé Gbọ̀ngán àti Ilé-Ifẹ̀. Ní àárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ kan náà ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni ó sì ń gbé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń tì í. Èmi ni wọ́n máa ń pè bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Gate. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìdílé tí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ń jẹ owó wọn lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé ọwọ́ àwọn tí ó tún un ṣe ni ìbàjẹ́ rẹ̀ ti le sí i. Nǹkan kékeré ni ó bẹ̀rẹ̀. Omi rédíétọ̀ ń dínkù, kò sì sí ẹni tí ó rí ibi tí ó ń gbà lọ, nítorí pé ilé tẹmọ́sítáàtì rẹ̀, tí wọ́n fi ike ṣe, ti sán ní ibi tí ojú kò tó. Mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò wá ike náà. Ó yọ tẹmọ́sítáàtì dànù, ó ní ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tún gbóná, ẹlòmíràn so wáyà fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, kí ó lè máa yí ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí iná. Ẹni kẹta gé wáyà sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn ìgbóná omi, nítorí pé iná pupa tí ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ń dẹ́rù ba ẹ̀gbọ́n mi.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tẹmọ́sítáàtì yìí, nítorí pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kò rí ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná tó bí ó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ọ̀nà kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í tètè móoru, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí rédíétọ̀ gidigidi. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sì gbà pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò máa bu epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, epo yóò máa ṣàn wọ inú òróró ẹ́ńjìnnì, owó epo yóò sì ga. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìdílé olùkọ́ àti alásè lè fara dà. Ó dùn mí pé ẹ̀yà ara kan tí kò wọ́n rárá ni wọ́n kọ̀ láti rà, tí wọ́n fi ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí jọ yọrí sí hàn ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé oúnjẹ ìgbéyàwó lọ sí Gbọ̀ngán. Wọ́n ti kọjá Aṣèjíré, wọ́n ń sún mọ́ Ìkirè, nígbà tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Abẹ́rẹ́ tí ń fi ìgbóná hàn kò kúrò lójú kan, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tí ìbá sọ òótọ́ fún un ti di gígé. Fáànù tí ó ti ń yí tọ̀sán tòru ti jó, kò sì sí ohun tí ó lè kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n ní láti háyà bọ́ọ̀sì kan lójú ọ̀nà kí oúnjẹ lè dé ibi ayẹyẹ, ọkọ rẹ̀ sì dúró ti ọkọ̀ títí mo fi rán ẹni tí ó wọ́ ọ padà sí Ìbàdàn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ti jó. Nígbà tí a sì ń yẹ ọkọ̀ náà wò, a rí i pé gíà pẹ̀lú ti ń pẹ́ kí ó tó mú, tí ó sì ń ta ọkọ̀ síwájú bí ó bá ń bọ́ láti ìkínní sí ìkejì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá kí wọ́n tún un ṣe. Mo jókòó pẹ̀lú wọn, a ṣírò rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti rírán orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ kò kọjá agbára wọn. Gíà ni ó pa ọ̀rọ̀ náà dé. Irú gíà náà kò pọ̀ ní Gate, kò pọ̀ ní Ládìpọ̀ ní Èkó pẹ̀lú, èyí tí ó bá sì wà, inú ọkọ̀ mìíràn tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti tú u. Ẹni tí ó bá rà á kò lè mọ̀ bóyá ó sàn ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Mo sọ fún wọn pé owó tí wọn yóò ná sórí gíà àti ẹ́ńjìnnì yóò sún mọ́ iye tí ẹnikẹ́ni lè san fún gbogbo ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí a bá tún un ṣe tán. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí a tà á bó ṣe wà.” Ọkọ rẹ̀ gbà.

Irú ọkọ̀ tí wọn yóò rà ni wọn kò fi ohùn kan sí. Jíìpù ni ọkọ rẹ̀ ń fẹ́, nítorí pé ó ga, ojú ọ̀nà wa kò sì dára. Ṣùgbọ́n jíìpù tí iye owó wọn lè rà yóò jẹ́ èyí tí ó ti gbó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, tí yóò sì máa mu epo gan-an. Nígbà tí mo dárúkọ wágìn, ìyẹn ọkọ̀ gígùn tí búùtù rẹ̀ wà pọ̀ mọ́ inú ọkọ̀, ó wò mí dáadáa. Ó ní, “Àbúrò, ṣé ọkọ̀ agbókùú ni ẹ fẹ́ kí n máa gbé wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́?” Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń gbé òkú ní ilẹ̀ wa jẹ́ wágìn, ojú ti mọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo rán an létí Píjò 504 wágìn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, òun ni àwọn òbí wa sì máa ń wọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn, pẹ̀lú ẹrù iṣu àti àgbá epo pupa lẹ́yìn, nígbà tí jíìpù ṣì jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́rọ̀ àti ológun. Ìyá Àgbà ni ó parí ọ̀rọ̀ náà láti orí àga rẹ̀. Ó ní Píjò ni ọkọ òun fi gbé òun wọ ilé, pé kí wọ́n ra ohun tí kẹ̀kẹ́ òun yóò gba inú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, a mọ ohun tí a ń wá: wágìn tí búùtù rẹ̀ lè gba ìkòkò ńlá méjì àti kúlà, tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí ń dun ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ dunjú. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo gbé gbogbo ìmọ̀ràn mi lé. Orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀ kò tó; ẹ́ńjìnnì tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an ni kí a béèrè, nítorí pé ilé iṣẹ́ kan náà lè fi ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọkọ̀ tí ó jọra lójú, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni, kí òmíràn sì jẹ́ gbèsè.

Toyota Avensis wágìn ni mo fà sí wọn létí, èyí tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2008. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún, ilé iṣẹ́ Toyota tí ó wà ní Burnaston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa kì í wá a bí wọ́n ṣe ń wá Corolla, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi máa ń rọjú ju ti Corolla ọdún kan náà lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, ni ó wà nínú Corolla ọdún 2003 sí 2008 àti nínú Matrix tí ó kún ìgboro. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù omi rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, kò sí èyí tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi tàbí ní ti aládùúgbò mi. Ṣéènì ni ó ń darí rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a ní láti máa pààrọ̀ lẹ́yìn iye kìlómítà kan.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 2.0 wà nínú Avensis kan náà, èyí tí wọ́n kọ D-4 sí lára, mo sì ní kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ọn. Inú sílíńdà tààrà ni ó ti ń tú epo, nítorí náà epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, èédú ẹ́ńjìnnì yóò sì máa dì mọ́ ọn. Ó tún ní pọ́ọ̀ǹpù epo alágbára kan tí kò fẹ́ràn epo tí ó ní ìdọ̀tí. Ti dísù náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè tún ẹnu tí ń tú dísù ṣe dáadáa kò pọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti alásè. Ti 1.8 fúnra rẹ̀ kò wà láìní àbùkù. Àwọn tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ òróró, nítorí pé ihò tí òróró ń gbà padà lára písítìnnì wọn kéré, ó sì máa ń dí. Toyota ṣàtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ní kí a má ṣe ra èyí tí ó ṣáájú 2006, kí a sì yẹ ti 2006 sókè wò dáadáa pẹ̀lú.

Èyí tí a kọ́kọ́ rí ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Ìwó Road mọ́ tónítóní, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Mo wo wáípà iwájú, mo rí i pé ọ̀nà tí ó ń gbà nù gíláàsì kò bá ibi tí awakọ̀ jókòó sí mu: apá awakọ̀ ni ó ń fi igun ńlá sílẹ̀ láìnù. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí ibi tí wọ́n ti jó irin ìdí sítíárìn. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbé bọ́ sí òsì níhìn-ín. N kò lè fi ìbejì ẹ̀gbọ́n mi, àní ti ẹnikẹ́ni, sínú ọkọ̀ tí ẹnì kan fi iná jó sítíárìn rẹ̀ pọ̀. Òmíràn tí a rí kò ní ìwé owó ibodè. Ẹni tí ó ń tà á sọ pé Kùtọnu ni ó gbà wọlé, pé ìwé náà ń bọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà ìwé tí ó ní ó ń bọ̀ yẹn kò lè bá òfin mu bí ó ti wù kí ó dé. Àwọn aṣọ́bodè lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó rà á ni yóò sì pàdánù.

Èyí tí a rà jẹ́ ti ọdún 2006, ti òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà. Ó gbà á wọlé ní èbúté Tín Káàn, ó sì ti lò ó fún ọdún díẹ̀. Àwọn kan máa ń sá fún ọkọ̀ tí ẹnì kan ti lò nílẹ̀ yìí, wọ́n ní tòkunbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó dára jù. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Tòkunbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti di kíkùn, ti di fífọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí fún ọ. Avensis kò sí ní ọjà Amẹ́ríkà, nítorí náà àwọn ibi tí a ti ń yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ Amẹ́ríkà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ràn wá lọ́wọ́. Bàbá yìí ní fáìlì tí ó tọ́jú gbogbo rìsíìtì rẹ̀ sí: ìgbà tí ó pààrọ̀ òróró, bátìrì tí ó rà, pádì bíréèkì. Mo fẹ́ fáìlì bẹ́ẹ̀ ju ọ̀dà tuntun lọ.

A ti bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe tan ọkọ̀ náà kí a tó dé, a sì lọ ní kùtùkùtù. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ẹ́ńjìnnì tí ó tutù ni ó ń sọ òótọ́, nítorí pé ariwo ṣéènì tí ó ti fẹ̀ máa ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, yóò sì dákẹ́ bí òróró bá ti gòkè. Ti èyí kò dún. Mo ṣí ìdérí òróró, mo wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀rá funfun bí ògì tí ó máa ń fi hàn pé omi ti ń wọ inú òróró. Omi rédíétọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ pínkì bí ti Toyota, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán. Mo wo àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọdún wọn bára mu. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, kò sí ẹrẹ̀ tàbí ìlà omi lára rẹ̀, déètì tí ó wà lára ìwé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn sì jẹ́ 2006. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, mo rí ọ̀dà ilé iṣẹ́, mo rí i pé irin ibẹ̀ kò wú, kò sì sí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Kìlómítà tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ju 210,000 lọ. Ẹ̀rù ba ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n èmi ni inú mi dùn sí i, nítorí pé bí rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì àti awọ sítíárìn ṣe jẹ bá iye náà mu. Ọkọ̀ ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀ tí ó bá ní 80,000 ni òun ti rìn ni ìbá kó mi lọ́kàn sókè.

Nígbà tí a gbé e jáde, mo ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà á, kí èmi máa wo ẹ̀yìn. A gòkè Mọ́kọ́lá, a sì padà sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ epo. Ní ìsàlẹ̀, mo ní kí ó tẹ epo lójijì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ òróró, ibẹ̀ ni èéfín aláwọ̀ búlúù ti máa ń jáde. Kò jáde. Gíà mú láìpẹ́, ìbáà jẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ohun tí mo gbọ́ ni ìdún ṣọ́kì iwájú lápá ọ̀tún nígbàkigbà tí a bá wọ kòtò. Mo so skáánà, ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ́ ọn, ó sì mú kóòdù P0171 wá, ìyẹn ni pé atẹ́gùn tí ń wọlé ju epo lọ. Lára ẹ́ńjìnnì 1ZZ, ohun tí ó sábà máa ń fà á ni gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà atẹ́gùn tí ó ti gan, tàbí sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tí ó dọ̀tí. Àwọn méjèèjì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni bàbá náà béèrè. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó ṣe yẹ fún àgbà, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa dín in kù. Àbúrò wa ti rí ohun tí a óò tún ṣe lára rẹ̀.” Mo fi kóòdù náà hàn wọ́n, mo sọ ti ṣọ́kì, mo sì tọ́ka sí táyà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní eyín dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ìlà DOT lára méjì nínú wọn jẹ́ 2109, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kọkànlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe wọ́n. Rọ́bà tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lójú márosẹ̀ bí ó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Bàbá náà rò ó, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí ₦4,150,000. Mo gbóríyìn fún un, nítorí pé kò fi ohunkóhun pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í tutù dáadáa bí oòrùn bá mú.

A kò san kọ́bọ̀ kí a tó rí àrídájú ìwé. A fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé owó ibodè, a fi ti ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé ẹ̀rí oníǹkan, a sì mú ìwé owó ibodè lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè láti mọ̀ bóyá ó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ayédèrú ìwé ibodè pọ̀ níta débi pé òǹtẹ̀ lásán kò tó ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìwé àdéhùn títà, tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, tí wọ́n sì san owó náà láti ilé ìfowópamọ́ kan sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n lọ yí orúkọ padà sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í yí i, wọn a máa wa ọkọ̀ lórúkọ ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀, bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò dojú rú. Wọ́n ra ìwé ìdójútòfò tuntun pẹ̀lú. Èyí tí òfin kàn nípá, tí ó wà fún ẹni tí a bá ṣe lọ́ṣẹ́, ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ ilé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023.

Kí ọkọ̀ náà tó ṣe iṣẹ́ kankan, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti yọ owó kan sọ́tọ̀ fún èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo ti sọ pé ẹni tí ó bá fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra àlòkù kò tíì ra ọkọ̀ tán. A pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì àti fílítà, púlọ́ọ̀gì, fílítà atẹ́gùn, àti gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà atẹ́gùn. Kóòdù P0171 lọ, kò sì padà. A tú òróró gíà, a bu tuntun sí i gẹ́gẹ́ bí irú èyí tí Toyota là sílẹ̀, láìfi ẹ̀rọ fọ inú rẹ̀, nítorí pé fífi agbára fọ gíà tí ó ti rìn jìnnà lè gbé ìdọ̀tí lọ sí ibi tí kò yẹ. A ra táyà tuntun mẹ́rin, tí kì í ṣe tòkunbọ̀. A pààrọ̀ ṣọ́kì iwájú méjèèjì papọ̀. Mo yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbé e sínú omi gbígbóná, ó ṣí bó ṣe yẹ, mo sì dá a padà sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo fi sínú àpò ọkọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gé wáyà kankan láìpè mí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó, ìjókòó ẹ̀yìn tí a lè ká ní apá kan ni ó ń ṣe wọ́n láǹfààní jù lọ. Kẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà máa ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan tààrà, ìbejì sì ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì láìfún ara wọn pa. Bí ó bá di ọjọ́ iṣẹ́ àsè, wọ́n á ká gbogbo ẹ̀yìn sílẹ̀, ìkòkò á wọlé láìsí pé a ń dè é mọ́ orí ọkọ̀. Ti sílíńdà gáàsì ni mo bá wọn sọ líle: ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kí wọ́n fi okùn dè é mọ́ ara ọkọ̀, kí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ pa, kí wọ́n yọ ọ̀pá rẹ̀, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí títí wọn yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà tí gáàsì bá wà níbẹ̀. Wọ́n ń pa á mọ́.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà kò béèrè ohunkóhun. Ó lọ sílẹ̀ ju ohun tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ lọ, bí ẹrù bá sì kún ẹ̀yìn, wọ́n ní láti rọra gba àwọn ibi tí ojú ọ̀nà ti gbẹ́ nítòsí Ìkirè. Irin kékeré tí ń di ẹsẹ̀ iwájú mú ti jẹ nígbà kan, a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń ṣe bí bàbá náà ṣe sọ, wọ́n sì ti pinnu pé bí owó bá gbèrú ni wọn yóò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kò tíì já wọn kulẹ̀ lójú ọ̀nà, owó epo wọn sì ti wálẹ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n mi lè sọ iye tí ìrìn àjò kan yóò ná an kí ó tó dá iye fún oníbàárà. Ìyàtọ̀ yìí tóbi fún alásè, nítorí pé tẹ́lẹ̀, èrè ayẹyẹ ni ó ń wọ inú ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ àtijọ́ náà wà nínú ọgbà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan wá, wọ́n ní kí a fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí a bu ohun tí ó nípọn sí inú òróró, pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rà á lówó iyebíye. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. A kọ gbogbo àbùkù rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé kan: gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó jó, fáànù tí ó ti jó, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n gé, gíà tí ń pẹ́. Ọkùnrin kan tí ó ń tú ọkọ̀ ta ní ẹ̀yà ara ni ó rà á, ilẹ̀kùn, gíláàsì àti ìjókòó rẹ̀ ni ó ń wá. Ó ka ìwé náà, ó fọwọ́ sí i, ó san owó, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ. Nínú owó náà ni wọ́n ti dá owó táyà mẹ́rin tí èmi ti kọ́kọ́ san padà fún mi.